Ìbọn .22 tó wọṣọ ológun: èwo ni kí ẹni tí kò ní ìbọn rí rà?

M&P15-22 ti Smith & Wesson, ìbọn .22 tó jọ ti sójà, ni mo rà, òun náà ni màá sì sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ irú ìbọn yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ rà. Mo tètè sọ ọ́ nítorí àwọn tó ń kánjú. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fara balẹ̀, torí mi ò gbà pé òun ló yẹ gbogbo ènìyàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe. Bàbá mi ṣọdẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣakabùlà ló fi ń pa ẹtu, kì í sì í jẹ́ kí ọmọbìnrin fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 14, ló bẹ̀rẹ̀ sí yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn bí àwọn ẹgbẹ́ òun. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ní irú ti sójà ló wu òun. Ọ̀rọ̀ wa sì di ti .22.

Ìdí tó fi jẹ́ .22 ni pé ọta rẹ̀ kéré, kì í gbáni léjìká, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ọta yìí, .22 Long Rifle, ti wà láti ọdún 1887. Rimfire ni wọ́n ń pè é, torí pé etí ìdí rẹ̀ ni irin inú ìbọn ń gbá kó tó bú, kì í ṣe àárín. Ládùúgbò wa, páálí CCI Mini-Mag tó gba ọta 100 ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 10. Ọta 5.56 tí AR-15 gidi, ìbọn aráàlú tó jọ ti sójà, ń jẹ, ọ̀kan ṣoṣo lè tó sẹ́ǹtì 50. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọmọ tó fẹ́ yìn ín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tí àwọn òǹtajà kì í sọ síta ni pé aṣọ lásán ni ìrísí ológun yìí. Nínú gbogbo àwọn ìbọn .22 tí mo wò, agbára ọta fúnra rẹ̀ ló ń ti bólìtì, irin tó ń ti ọta wọlé, sẹ́yìn, kò sí gáàsì tó ń gba inú páìpù bíi ti M4 àwọn sójà. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá fa tírígà, ọta kan ló ń jáde. Ìbéèrè mi nìyí nígbà tí mo ń wá èyí tí màá rà: kí ló wà lábẹ́ aṣọ náà?

Ìbéèrè yẹn ló mú Mossberg 715T kúrò nílẹ̀ kíákíá. Mossberg 702 Plinkster, ìbọn .22 lásán tí kò ní àṣehàn kankan, ni wọ́n fi ike tó jọ AR bò. Kò sí ohun tó burú nínú 702, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó ra ìhòòhò rẹ̀, kó dín owó kù, kó sì dín súkúrù tó máa tú kó tó lè nu inú rẹ̀ kù.

HK416 .22 ló rẹwà jù. Umarex, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ni Walther, ló wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Heckler & Koch, orúkọ HK sì wà lára rẹ̀ gbọnrangandan. Irin ni ara rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e lé ọwọ́, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan. Ojú ọmọ mi kò kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúwo tó ń dùn mọ́ àgbàlagbà yẹn ni kì í jẹ́ kí apá ọmọdé dúró jẹ́ẹ́. Tí apá bá ti ń gbọ̀n, kò sí ohun tó ń kọ́ mọ́ ju bó ṣe máa tètè gbé e kalẹ̀. Ó tún wọ́n ju M&P lọ, mágásíìnì rẹ̀, ìyẹn àpò tí ọta ń wà, kò sì pọ̀ lórí àtẹ káàkiri bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń kó ìbọn jọ fún ẹwà, kó rà á, ojú rẹ̀ á gbádùn. Kì í ṣe ìbọn àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa Ruger 10/22. Láti 1964 ló ti wà lọ́jà. Mágásíìnì rẹ̀ kékeré tó ń yí po nínú gba ọta 10, ó sì máa ń wọ inú ìbọn pátápátá láìyọ síta. Kò sí ìbọn .22 tí ẹ̀yà ara rẹ̀ pọ̀ lọ́jà tó o. Tí kì í bá ṣe pé ọmọ fẹ́ ti sójà, òun ni ǹ bá rà, ǹ bá sì ṣẹ́ owó kù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè sọ ọ́ di èyí tó jọ ti ológun, ẹ máa ra ara tuntun fún un, owó yẹn á sì ti kọjá ti M&P. Lẹ́yìn náà, séfítì rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣàdédé yìn, jẹ́ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tì láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, bólìtì rẹ̀ kì í sì í dúró sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nígbà tí ọta bá tán. Ẹni tó bá kọ́ ọ lórí 10/22, tó wá gbé AR lọ́la, ó kù kó tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ibẹ̀ ni M&P15-22 ti borí. Láti 2009 ni wọ́n ti gbé e jáde, séfítì rẹ̀, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí mágásíìnì jábọ́, ibi tí wọ́n ń fà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wà níbi tó wà lára AR-15. Ọta tán, bólìtì dúró sẹ́yìn, ọmọ sì rí i kedere pé inú ìbọn ti ṣófo. Ike ni ara rẹ̀ lókè nísàlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlò méjì ààbọ̀. Àwọn ọkùnrin kan ní rénjì, ibi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ń sọ pé ó dà bí ohun ìṣeré. Mo ní kí wọ́n gbé e fún ọmọ ọdún 14 fún wákàtí kan, kí wọ́n wá padà sọ ọ́. Mágásíìnì rẹ̀ gba 25, ó ní ibi tí ẹ lè fi àtàǹpàkò fà sísàlẹ̀ kí ọta lè wọlé láìya èékánná. Ẹ máà fà á jù o. Bí etí ọta kan bá bọ́ sẹ́yìn etí èkejì, ó máa há. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa tò ó.

Tí ó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ ṣọ́ra. Smith & Wesson ti fi ìkìlọ̀ síta rí pé kí àwọn tó ní M&P15-22 àtijọ́ yẹ bólìtì rẹ̀ wò, torí ọta lè bú nígbà tí bólìtì ń padé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa tírígà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti yẹ tirẹ̀ wò.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo kọ́kọ́ wọ̀, mi ò tíì sọ ohun tí mo bá wá tí ọmọkùnrin ibẹ̀ fi gbé aláwọ̀ píǹkì wá fún mi. Mo kí i pé ó ṣeun, mo jáde. Níbi tí mo ti rà á, obìnrin àgbàlagbà kan ló dá mi lóhùn, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo ní àpótí onírin tí màá tì í sí. Òfin Texas kò fẹ́ kí ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ wà níbi tí ọmọ tí kò tíì pé 17 ti lè mú un, nítorí náà ìbéèrè gidi ni.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Fọ́ọ̀mù 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ń ra ìbọn, ni ẹ máa kọ, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò lọ́dọ̀ FBI. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn gígùn bó bá ti pé 18, nọ́ńbà ìwé ìgbélùú rẹ̀ ló máa kọ síbẹ̀. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà fún un láti ní ìbọn, àfi àwọn kan bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kankan ní kí ẹ bá òun ra tòun lórúkọ yín. Ẹ̀wọ̀n ni. Àwọn tó wà ní California, mágásíìnì tó gba ju 10 lọ kò bófin mu lọ́dọ̀ yín, wọ́n ní èyí tí wọ́n ṣe fún yín. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rò pé òun máa dì í sínú àpótí lọ sílé ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ mi ló mú kí n sọ ti òjé. Òjé ni ọta .22 tó pọ̀ jù, òjé tún wà nínú èéfín rẹ̀. Tí ẹ bá kúrò ní rénjì, omi tútù àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó jẹ ohunkóhun, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ ọwọ́. Bí ó ti wù kó kéré tó, ẹ bo etí, ẹ wọ awò. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọmọ mi kó tó mọ ibi tí mágásíìnì ń gbà wọlé.

Ó ń bẹ̀ mí báyìí pé kí n ra red dot, awò tó ń fi àmì pupa hàn láti fojú sun, sórí rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ fi irin ojú ìbọn yìn ín kí àwọn ọta rẹ̀ jọ bọ́ síbì kan ní yáàdì 50 ná. Red dot á dé nígbà Kérésìmesì, bí máàkì ìṣirò rẹ̀ bá gòkè.