Podcast Okun: Spotify, Buzzsprout àbí Podbean, èwo lẹ máa mú?

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ẹni tó bá fẹ́ máa gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Kábbà tàbí Ìsánlú kó sì sọ ọ́ di podcast (ètò ohùn tí èèyàn ń gbọ́ ní apá-apá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé Apple Podcasts, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ, kì í bá yín tọ́jú fáìlì o. Ẹ máa gbé e sí ibì kan tó ń tọ́jú fáìlì, bíi Spotify, Buzzsprout tàbí Podbean, ibẹ̀ ló máa fún yín ní líǹkì tí wọ́n ń pè ní RSS, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fún Apple àtàwọn yòókù ní líǹkì yẹn, tẹ́ ẹ bá ti wá gbé apá tuntun síta báyìí àwọn fúnra wọn á wá mú un.

Spotify for Creators (òun náà ni Anchor àtijọ́ tí Spotify rà ní 2019), ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ka wákàtí fún yín, kò sì sí pé ẹ ń wá káàdì dọ́là kiri. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa wọ settings lọ ṣí RSS yẹn fúnra yín, bẹ́ ẹ ò bá ṣe é, orí Spotify nìkan ló máa wà, àwọn èèyàn wa nílẹ̀ òkèèrè tó ń fi Apple gbọ́ ò ní rí i.

Buzzsprout rọrùn lò gan-an, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n tọ̀fẹ́ rẹ̀, wákàtí 2 lóṣù ni, tó bá sì ti pé ọjọ́ 90 wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ìtàn ogun Tápà tí bàbá àgbà jókòó sọ fún yín, ṣé nǹkan tó yẹ kó pòórá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta nìyẹn? Àfi tẹ́ ẹ bá máa sanwó.

Podbean ní tiẹ̀, wákàtí 5 lápapọ̀ lọ̀fẹ́, kì í ṣe lóṣooṣù o, apá mẹ́wàá oníààbọ̀ wákàtí ti kún un. Dọ́là lẹ máa fi san ìyókù.

Èmi á ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí Spotify, kí ẹ tọ́jú ojúlówó fáìlì sórí hard disk. Tówó bá dé, ẹ lè kó lọ síbòmíì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbà kẹ́ ẹ darí RSS àtijọ́ sí tuntun kí àwọn olùgbọ́ yín má sọnù.

WhatsApp ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ o, dáta wọ́n. Ẹ fi mono (ohùn oníhà kan) 64kbps (iye dáta tí ohùn ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ṣe ẹ̀dà kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á jẹ́ bíi 14MB, 128kbps á jẹ́ ìlọ́po méjì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò sí ohun tó máa bà á jẹ́.

Ímeèlì tẹ́ ẹ máa fi sínú RSS, kó jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹ má fi ti corper tó ń bá yín ṣe é sí i, torí ibẹ̀ ni kóòdù tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni podcast máa ń lọ.