Owó wọn tètè ń wọlé, ẹnu àwọn tó ń gbà á padà ni ò dáa

Ẹni tó ń gba gbèsè lè pariwo, mo mọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí èèyàn ti sanwó, kí owó ti kúrò ní àkáǹtì ẹ̀ láàárọ̀, kó wá dọ̀sán kí wọ́n máa pè é lólè létí ẹni tó ń tajà láwìn fún un, ìyẹn ò ṣeé gbọ́ sétí rárá. Ohun tí áàpù tó ń yáni lówó yìí ṣe fún mi ní Òṣogbo níbí nìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin, torí mo láwọn nǹkan dáadáa tí mo fẹ́ sọ nípa wọn náà.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ̀ pé tó bá ti ku díẹ̀ kí ọdún Ọ̀ṣun wọlé ní oṣù kẹjọ, ọjà wa máa ń yá gan-an, àwọn ará òkè òkun ń wọlé, ẹni tí ò bá lọ́jà nílẹ̀ nígbà yẹn, ó tún di àmọ́dún. Mo nílò aṣọ funfun, aró àti kọ́sítíìkì, owó ò sí. Báńkì ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Kọ́póréètì wa ò burú, ìlọ́po méjì owó tí èèyàn bá fi pamọ́ ni wọ́n ń yáni, àmọ́ èrò pọ̀ níwájú mi. Ti alájọ, oṣù ò tíì parí.

Áàpù yìí, BVN àti fọ́tò ojú mi ni wọ́n gbà, kí n tó sá aṣọ ọwọ́ mi tán, alẹ́ẹ̀tì ti dún. Mo bèèrè 80,000 náírà, 68,000 ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ torí wọ́n ti yọ èlé kó tó wọlé, oṣù kan péré ni mo sì ní láti fi dá 80,000 padà. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, 12,000 lórí 68,000, ó ju 17 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóṣù kan ṣoṣo. Owó ńlá ni. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ta ọjà yẹn, èrè ẹ̀ ju èlé lọ, nítorí náà mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ọjọ́ tó yẹ kí n san, mo ṣe tíránsífà láàárọ̀ kùtù sí nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n fún mi, orúkọ èmi gan-an ló wà lórí ẹ̀. Báńkì mi ní ó ti lọ. Nínú áàpù, gbèsè ṣì dúró síbẹ̀, pupa. Mo ní bóyá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Nígbà tó máa dọ̀sán, ọmọkùnrin kan pè mí. Kò kí mi o. "Ìwọ, owó wa dà?" Èmi tí mo lè bí i! Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́, ó ní ayédèrú ni gbogbo yín máa ń gbé wá, ó bá pa fóònù. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹ̀, ó kà á, mo rí àmì búlúù méjì yẹn, kò fèsì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá tí mo ń gba aṣọ funfun láwìn lọ́wọ́ wọn pè mí láti Ọjà-Ọba. "Ìyá Ìbejì, kí lo ṣe? Wọ́n ní o ti sá lọ." Ọmọ-ọmọ wọn ló ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún wọn, ó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Fọ́tò tí mo yà fún áàpù ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ OLÈ gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀. Láti 2023 ni Google ti ní kí áàpù lóònù má ṣe wo nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù wa mọ́, fọ́ọ̀mù ni wọ́n wá fi ń gbà á báyìí, pé kí n kọ orúkọ ẹni tó mọ òwò mi. Màmá ò fọwọ́ sí nǹkan kan, wọn kì í ṣe onídùúró mi. Àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́ pàápàá, ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n ni wọ́n ń lóṣòó sí, wọn kì í lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì. Orúkọ yẹn ni mo fi ń gbọjà, ẹni tó bá bà á jẹ́ ti gbà ju owó ẹ̀ lọ.

Mo pe kọ́sítọ́mà kíà wọn, mo sì pariwo. Mo ní FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà jáde ní 2025, ilé-iṣẹ́ lóònù tó bá rú u lè san ìtanràn tó tó 100 mílíọ̀nù náírà, mo ní mo ti rí i pé orúkọ tiwọn wà lára àwọn tí FCCPC fọwọ́ sí, èyí ló sì dùn mí jù.

Ọmọbìnrin tó gbé fóònù, Ọlọ́run á máa fún un lẹ́mìí gígùn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú mà." Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Kò bèèrè rìsíìtì, ó ní kí n wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí n ka session ID fún òun, nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ 30 yẹn, a kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó ń tún un pè lẹ́yìn mi, ibi tí mo ti fo ọ̀kan ó dá mi dúró. Nọ́ńbà yẹn ló fi wá owó náà rí, ó ti wọ ọ̀dọ̀ wọn láti àárọ̀, wọn ò kàn so ó mọ́ orúkọ mi ni. Ó yọ owó ìdádúró tí wọ́n ti lé sí i, gbèsè di òdo lójú mi kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì òun fúnra ẹ̀ tún pè láti bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń dà mí láàmú. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóde òní? Ẹ jọ̀ọ́, ilé-iṣẹ́, ẹ fi kún owó oṣù ọmọ yẹn.

Mo ní kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Màmá pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi, ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá òun. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, nǹkan kan ò tíì dé fóònù Màmá. Èmi ni mo mú rìsíìtì lọ hàn wọ́n.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, nítorí owó tó yá àti ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n ní mo lè gba 150,000 báyìí. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́.