Nextcloud fún íńtránẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ ní Ìlọrin: ohun tó ṣe dáadáa àti ibi tó ti ń yọni lẹ́nu

Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 20 sí 60, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìlọrin, tó sì ní ẹ̀ka kan ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ni a ní lọ́kàn níbí. Nextcloud, sọ́fítíwíà tó ń kó fáìlì, kàlẹ́ńdà àti fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ sí íńtránẹ́ẹ̀tì, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, yẹ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ohun tó mú kó borí SharePoint ti Microsoft àti Google Workspace lójú tiwa ni pé inú ọ́fíìsì yín ló ń gbé. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, fáìlì kò lọ, kàlẹ́ńdà kò lọ, fọ́ọ̀mù ìsinmi kò lọ. Ọdún 2016 ni Frank Karlitschek àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ yà á kúrò lára ownCloud, sọ́fítíwíà tó jọ ọ́, ní Jámánì, ọ̀fẹ́ sì ni, lábẹ́ ìwé-àṣẹ AGPL, tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, kó sì tún un ṣe. Sọ́fítíwíà nìkan ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ẹ̀rọ, bátìrì, wáyà àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, owó ni gbogbo wọn. Bí kò bá sí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín tó lè fún un ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì ènìyàn 5 kò nílò rẹ̀ rárá.

Gbígbé e sórí ẹ̀rọ kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Orí ìwé ni iṣẹ́ gan-an wà. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún fódà kọ̀ọ̀kan: ta ló ni ín, ta ló lè kọ nǹkan sí i, ta ló kàn lè kà á. Orúkọ ipò ni kí ẹ kọ, bí akáńtáǹtì, akọ̀wé àgbà, ọ̀gá ẹ̀ka Ọ̀fà, torí ènìyàn ń kúrò, ipò ń dúró.

Ibi tí wọn kò bá ti ṣe èyí ni àṣìṣe tó ń dunni jù lórí Nextcloud ti ń wáyé. Fáìlì tí òṣìṣẹ́ bá gbé sí àyè ara rẹ̀, tó wá pín fún àwọn yòókù, tirẹ̀ ló ṣì jẹ́. Lọ́jọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ sì pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, fáìlì náà bá a lọ. Àwọn tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ á kàn ṣí fódà, wọn á rí i pé ó ti ṣófo. Áàpù Group folders, tí àwọn ẹ̀dà tuntun ń pè ní Team folders, ni ojútùú rẹ̀: fódà tí ẹ bá fi í ṣe, ti ilé-iṣẹ́ ni, kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé àdéhùn, ìlànà iṣẹ́, àkọsílẹ̀ oníbàárà, ibẹ̀ ni kí gbogbo wọn wà. Àyè ara ẹni jẹ́ ti ìwé tí a ṣì ń kọ lọ́wọ́. Fódà owó oṣù wà fún akáńtáǹtì àti ọ̀gá nìkan. Ìwé owó oṣù oníkálukú ni kí wọn máa pín fún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kúrò, ẹ ti àkáǹtì rẹ̀ pa ná, ẹ má tíì pa á rẹ́, kí ẹ sì fi àṣẹ `occ files:transfer-ownership`, tí a ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ tó gbé Nextcloud, gbé ohun tó fi sílẹ̀ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀.

Ẹ tún pinnu lórí ìwé náà ohun tí òṣìṣẹ́ kò ní lè rí níbòmíràn. Bí gbogbo ìkéde bá ṣì ń jáde lórí WhatsApp, WhatsApp ni wọn óò máa wò, wọn kò sì jẹ̀bi. Ohun tó ń fà wọ́n wá jù ni fọ́ọ̀mù ìsinmi àti kàlẹ́ńdà tó ń fi ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ hàn, pàápàá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, tí ìdajì ọ́fíìsì ń béèrè àyè lẹ́ẹ̀kan náà. Áàpù Forms ń gba ìbéèrè, Calendar ń gbé e hàn. Àmọ́ ìdáhùn inú Forms kì í dédé lọ sínú Calendar. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Àléébù gidi lèyí, ó sì yẹ kí wọn ti tún un ṣe. Announcement center dára fún ìkéde, Collectives sì dára fún ìwé ìlànà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí Deck (pátákó iṣẹ́) àti àwọn yòókù dúró fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá bá àmì áàpù 15 pàdé lọ́jọ́ kìn-ín-ní kò ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ó wá kan ẹ̀rọ àti iná, ibi tí owó ti ń ṣòfò jù. Ní ìhà tiwa, iná tó ń já lójijì ló ń ba sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé Nextcloud, jẹ́ ju ohunkóhun lọ. MariaDB, dátábéèsì tí Nextcloud ń lò, mọ bí a ti ń tún ara ẹni ṣe lẹ́yìn tí iná bá já, ṣùgbọ́n àwọn dísíìkì SSD olówó pọ́ọ́kú kan máa ń sọ pé àwọn ti kọ ohun tí wọn kò tíì kọ tán. Ibẹ̀ ni dátábéèsì ti ń bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Fún òṣìṣẹ́ 40, mini-PC oníkóòrù 4, RAM 16 GB, pẹ̀lú SSD 1 TB méjì tí ohun kan náà wà lórí àwọn méjèèjì, ti tó. Irú rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń nàró lábẹ́ tábìlì, tí àwọn kan ń sọ di sáfà, lè jẹ 100. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: sáfà 20, súwíìṣì 15, ráútà 10, àpótí Wi-Fi méjì 15, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 60. Bátìrì 12 V, 200 Ah gba 2,400 Wh, ṣùgbọ́n bátìrì olómi tàbí ti jẹ́ẹ̀lì kò yẹ kó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ, kó má baà tètè kú. Ó ku 1,200. Bí a bá yọ ìdá 15 nínú 100 tí ínfátà ń jẹ, ó ku 1,020. Ẹ pín in sí 60, wákàtí 17 ni yóò gbà, láti ìgbà tí ọ́fíìsì bá ṣíwọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́ dáadáa. Ẹ fi kọ̀ǹpútà wáàtì 100 rọ́pò mini-PC, kò ní ju wákàtí 7 lọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ̀rọ náà ti yára tó lọ.

Bí ínfátà tilẹ̀ wà, ẹ tún fi UPS kékeré sáàárín, torí pé nígbà tí ínfátà bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná, ó máa ń dákẹ́ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó sì tó láti pa mini-PC. Wáyà USB rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú sáfà, kí sọ́fítíwíà NUT lè gbọ́ pé bátìrì ń tán, kó sì rọra pa ẹ̀rọ náà. Àwọn UPS kan ní ihò USB tí NUT kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ yẹ àkójọ àwọn UPS tí NUT gbọ́ èdè wọn wò kí ẹ tó sanwó. Bí ọ́fíìsì bá jẹ́ ilé méjì nínú ọgbà kan, ẹ má na wáyà UTP (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníkọ́pà) láàárín wọn. Bí àrá bá sán nítòsí, iná á gba inú rẹ̀ jó súwíìṣì ìhà méjèèjì. Fáíbà ni kí ẹ lò, torí gíláàsì kì í gbé iná. Nínú ilé kan náà, Cat6 (irú UTP kan) dára, kó má ṣáà kọjá mítà 100. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fẹ́ eruku kúrò lára fáànù ẹ̀rọ lóṣooṣù.

Ọ̀nà méjì ló wà láti gbé Nextcloud kalẹ̀. All-in-One ń lo Docker (sọ́fítíwíà tó ń di áàpù kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀), ó ń gbé dátábéèsì, Redis (ìrántí tó ń mú un yára), Talk (ìfọ̀rọ̀wérọ̀), Collabora (ìwé kíkọ) àti ẹ̀dà ìpamọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà, ojú-ewé ìṣàkóso rẹ̀ sì wà ní pọ́ọ̀tì (ìlẹ̀kùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 8080. Ẹni tí kò mọ Linux dénú, òun ni kó mú. Ó kàn jẹ́ pé níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè dé orúkọ ìkànnì yín láti ìta; lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì abẹ́lé kò ní lè dé e, á sì kọ̀ láti tẹ̀síwájú, àfi kí ẹ fi `SKIP_DOMAIN_VALIDATION=true` bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sórí Debian tàbí Ubuntu Server ní ohun mẹ́rin láti ṣọ́. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ máa ń wà lórí AJAX, tó túmọ̀ sí pé kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹnì kan bá ṣí ojú-ewé. Ẹ yí i sí Cron (aago iṣẹ́ inú Linux) ní ìṣẹ́jú 5-5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìmeèlì ìkìlọ̀ á máa pẹ́. Ẹ fún PHP, èdè tí wọ́n fi kọ Nextcloud, ní ìrántí 512 MB. Bí Nginx (sọ́fítíwíà tó ń gba ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ wọlé) bá wà níwájú, 1 MB ni ààlà rẹ̀ láti ilé, fáìlì tó bá jù bẹ́ẹ̀ á sì mú àṣìṣe 413 wá. Ìlà `client_max_body_size` ni kí ẹ gbé sókè. Orúkọ tí òṣìṣẹ́ óò máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú àkójọ `trusted_domains` ti Nextcloud, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlẹ̀kùn kò ní ṣí.

Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ máa tẹ nọ́ńbà àdírẹ́sì sáfà, bíi 192.168.10.5. Ẹ fún un lórúkọ lábẹ́ orúkọ ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ ti rà, kí ẹ sì gba ìwé-ẹ̀rí ààbò ọ̀fẹ́ ti Let's Encrypt fún un nípa ọ̀nà DNS-01, tó ń fi àkọsílẹ̀ orúkọ ìkànnì yín jẹ́rìí, tí kò sì nílò kí pọ́ọ̀tì kankan ṣí síta. Ìwé-ẹ̀rí náà kì í lò ju ọjọ́ 90 lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Bí fóònù kan bá kọ̀ láti ṣí i nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣí i, ẹ wo Private DNS (ètò tó ń sọ ibi tí fóònù ti ń béèrè àdírẹ́sì orúkọ ìkànnì) lórí fóònù náà: bí wọ́n bá ti darí rẹ̀ sí ibòmíràn, kì í bi ráútà yín léèrè mọ́.

Fún ẹ̀ka Ọ̀fà, ẹ má retí pé ẹ óò ṣí pọ́ọ̀tì lórí ráútà 4G. Ilé-iṣẹ́ fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ará ìta kò lè kan sáfà yín lára. Ẹ háyà VPS (sáfà orí íntánẹ́ẹ̀tì) kékeré kan, kí Ìlọrin àti Ọ̀fà jọ bá a sọ̀rọ̀ nípa WireGuard (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀, ìyẹn VPN) ní pọ́ọ̀tì UDP 51820, pẹ̀lú `PersistentKeepalive = 25` kí ọ̀nà náà má baà tì mọ́ wọn. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka, ẹ rí i pé virtual files, tí kì í gba fáìlì wọlé àfi tí a bá ṣí i, wà ní títàn; bí kò bá sí, gbogbo fódà ilé-iṣẹ́ á wọlé, détà oṣù kan á tán lọ́jọ́ kan.

Nínú lílò ojoojúmọ́, Collabora ń jẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta tún ìwé kan ṣe pa pọ̀ láìsí wàhálà. Talk dára fún ọ̀rọ̀ kíkọ. Ìpàdé fídíò tó bá kọjá ènìyàn bíi márùn-ún kì í gbádùn àfi tí high-performance backend (sáfà àfikún tó ń gbé fídíò ìpàdé) bá wà. Lórí orúkọ fáìlì ní Yorùbá: lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, àmì òkè ni a ń lẹ̀ mọ́ ẹ. Nítorí náà, orúkọ méjì tó jọra lójú lè má jọra fún ẹ̀rọ, ẹni tó sì ń wá a láìfi àmì sí i lè má rí i. Ẹ kọ orúkọ fáìlì láìsí àmì, kí ọjọ́ sì ṣáájú, bíi `2025-03-14_iwe-adehun`. Inú ìwé fúnra rẹ̀, kí àmì ohùn pé.

Ẹ̀dà NIN àti ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023. Bí détà bá jò síta lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí.

SSD méjì tó jọra kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan, ó ti lọ lórí èkejì. Lóru, ẹ fi ẹ̀rọ náà sí maintenance mode, tó ń dá lílò dúró, kí ẹ fi `mysqldump --single-transaction` ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ dátábéèsì, kí ẹ ṣe ti fódà config àti data pẹ̀lú rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ gba ojú WireGuard lọ sí dísíìkì kan ní Ọ̀fà. Nextcloud kì í gbà kí a fo ẹ̀dà ńlá: láti 29, ẹ gbọ́dọ̀ gba 30 kọjá kí ẹ tó dé 31. A kì í gbé e sókè nígbà tí ẹ̀dà bá ṣì jẹ́ .0, torí áàpù tí kò tíì bá a mu ni yóò kọ́kọ́ pa. Ọjọ́ Sátidé ló dára fún un, kí ẹ̀dà ìpamọ́ Ọ̀fà ti òru Jímọ̀ sì ti ṣí dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.