C18 àbí sílíkà lásán: kọ̀lọ́nù wo lẹ fẹ́ rà fún lábò yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa kọ̀lọ́nù HPLC, ọ̀pá tí ẹ̀rọ fi ń ya àwọn nǹkan tó pò pọ̀ sọ́tọ̀, ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹ má tíì bèèrè iye tí wọ́n ń tà á o, ẹ kọ́kọ́ sọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà sọ́tọ̀ ná.

Sílíkà kan náà, irú ohun tó wà nínú iyanrìn, ló wà nínú méjèèjì, hóró kéékèèké tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, 5 máíkírọ́nù ló wọ́pọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí ojú hóró yẹn ló yàtọ̀.

Sílíkà lásán dà bí orí tí wọ́n fá. Ara ẹ̀ kún fún OH, ìyẹn ọ́síjìn àti háídírójìn tó so pọ̀, OH wọ̀nyí á dì mọ́ nǹkan tó bá fẹ́ràn omi, èyí tó bá jọ epo á sì sáré kọjá lọ. Hexane pẹ̀lú ethyl acetate díẹ̀, kẹ́míkà olómi méjì, la fi ń ṣàn án. Tó bá jẹ́ epo pupa niṣẹ́ yín, òun ni kẹ́ ẹ mú: kárótíìnì tó ń jẹ́ kí epo pọ́n á kọ́kọ́ jáde, monoglyceride, irú ọ̀rá inú epo tó fẹ́ràn omi díẹ̀, á gbẹ̀yìn. Àmọ́ omi tín-ínrín tó bá wọ inú hexane yẹn, àkókò tí nǹkan ń jáde á yí padà, ẹ̀yin náà sì mọ bí afẹ́fẹ́ ẹ̀bá ọ̀sà wa yìí ṣe lómi tó.

C18 ńkọ́? Orí yẹn ti hu irun nìyẹn, wọ́n sì ti fi àdí pa á. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù 18 ni wọ́n so mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ wá dojú kọdí, èyí tó fẹ́ràn omi á jáde kíá, èyí tó jọ epo á lẹ̀ mọ́ ọn. Omi pẹ̀lú mẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí acetonitrile la fi ń ṣàn án. Parasẹtamọ́ọ̀lù á ṣáájú kaféìnì, lumefantrine inú oògùn ibà á jókòó títí tí á fi sú yín. C8 náà wà, irun ẹ̀ kúrú, nǹkan ń tètè jáde níbẹ̀. Ṣúgà inú oyin? Kọ̀lọ́nù míì tó ń jẹ́ Amino ni kẹ́ ẹ rà.

Ibi tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ rèé: irun yẹn kì í bo orí tán. OH tó kù lábẹ́ á máa fa kiníìnì lẹ́sẹ̀, píìkì, ìyẹn òkè tí ẹ̀rọ ń yà fún nǹkan kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, á wá gùn nírù bí ìrù ọ̀bọ. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ end-capped sí i, ìyẹn ni pé wọ́n ti dí OH tó kù. Tí kò bá sí níbẹ̀, tó sì jẹ́ oògùn bíi kiníìnì lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kódà tó bá pọ́ọ́kú.

pH, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó, 2 sí 8 ni kẹ́ ẹ máa lò ó sí, tó bá ju 8 lọ sílíkà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Èmi fúnra mi ni mo ba tiwa jẹ́ o, mo fi omi iyọ̀ fọ́sífétì sínú ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò fi omi ṣàn án, acetonitrile ni mo dà lé e ní tààrà lọ́jọ́ Ajé, iyọ̀ dì sínú ẹ̀, agbára tí pọ́ǹpù fi ń tì í ga débi pé ẹ̀rọ dá ara ẹ̀ dúró.

Towó ẹyọ kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín, C18 tó jẹ́ end-capped, 150 mílímítà ní gígùn, 4.6 ní fífẹ̀ inú. Ẹ ra kọ̀lọ́nù kékeré tí wọ́n ń fi síwájú ẹ̀ mọ́ ọn, òun ló ń gba ìdọ̀tí, ó sì rọrùn láti pààrọ̀.