Kọ́míìkì Star Wars ti Marvel, 1977 sí 1986: Ẹ̀dà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Fowó Rà?

Ẹni tó bá ń wá kọ́míìkì Star Wars àtijọ́ lórí eBay yóò rí i pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń ta ohun tó yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní sẹ́ǹtì 30 wà níbẹ̀, ẹ̀dà sẹ́ǹtì 35 tó ṣọ̀wọ́n wà níbẹ̀, àtúntẹ̀ ọdún yẹn kan náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ìwé ńlá tó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn àkójọ tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún àìpẹ́ yìí. Inú máa ń bí mi gan-an tí ẹnìkan bá san owó èyí tó ṣọ̀wọ́n tó sì jẹ́ pé àtúntẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, nítorí pé àmì tó máa fi mọ̀ ọ́n wà lójú ìwé náà kedere.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Nọ́ńbà 1 jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1977, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù keje ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀. Sinimá fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí di ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún, torí náà àwọn tó ra ìwé yìí lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ pàdé Luke Skywalker kí wọ́n tó rí i nínú sinimá. Roy Thomas ló kọ ọ́, Howard Chaykin ló ya àwòrán rẹ̀. Nọ́ńbà 1 sí 6 ló sọ ìtàn sinimá náà, lẹ́yìn èyí Marvel ń bá ìtàn lọ fúnra wọn títí dé nọ́ńbà 107 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986. Ẹ fi ìwé ọdọọdún mẹ́ta kún un (1979, 1982, 1983), àti mẹ́rin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Return of the Jedi ní 1983.

Ìwé náà tà débi pé nọ́ńbà 1 lé ní mílíọ̀nù kan ẹ̀dà, Jim Shooter tó di olóòtú àgbà Marvel ní 1978 sì sọ ọ́ léraléra pé Star Wars ló gba ilé iṣẹ́ náà là. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: nọ́ńbà 1 kò ṣọ̀wọ́n. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé bóyá lẹ fi máa rí òmíràn, ọjà ló fẹ́ tà. Èyí tó mọ́ tónítóní bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ló ṣòro rí.

Sẹ́ǹtì 30, sẹ́ǹtì 35, àti àtúntẹ̀

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí náà ẹ farabalẹ̀. Ní 1977, Marvel fẹ́ gbówó lé kọ́míìkì wọn láti sẹ́ǹtì 30 sí 35. Kí wọ́n tó ṣe é káàkiri, wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní àwọn ìlú díẹ̀ péré. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nọ́ńbà 1 sí 4 ní ẹ̀dà sẹ́ǹtì 35 tí kò pọ̀ rárá. Nọ́ńbà 1 tó jẹ́ sẹ́ǹtì 35 máa ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kódà nígbà tó bá ti gbó díẹ̀, tí ìkejì rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́ǹtì 30 kò sì tó ìdá mẹ́wàá iye yẹn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn àtúntẹ̀ náà wà tí wọ́n kọ sẹ́ǹtì 35 sí lára. Torí náà, iye owó nìkan kò fi ohunkóhun hàn. Ẹ wo àpótí tí iye owó náà wà nínú rẹ̀ ní òkè iwájú ìwé, kí ẹ tún wo ìsàlẹ̀ bóyá báákóòdù wà. Ojúlówó ẹ̀dà, ìbáà jẹ́ sẹ́ǹtì 30 tàbí 35, máa ń ní iye owó nínú àpótí onígun mẹ́rin tó jókòó dáadáa, báákóòdù sì wà lára rẹ̀. Ti àtúntẹ̀ yàtọ̀: ó lè jẹ́ pé wọ́n kọ “Reprint” sí òkè lápá òsì tàbí sínú ìwé, ó sì lè jẹ́ pé àpótí tó fi igun kan dúró bíi dáyámọ́ǹdì ni iye owó àti nọ́ńbà wà, tí kò sí oṣù, tí kò sì sí báákóòdù níwájú rẹ̀.

Òfin yìí, nọ́ńbà 1 sí 9 ni mo ń sọ. Láti bí ọdún 1979 lọ, àìsí báákóòdù kò túmọ̀ sí àtúntẹ̀ mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù kọ́míìkì ni wọ́n kó ìwé náà lọ, pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn. Mo ti rí àwọn òǹtajà tí wọ́n fi òfin nọ́ńbà 1 ṣèdájọ́ nọ́ńbà 42, tí wọ́n sì ta ojúlówó ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè jèrè níbẹ̀.

Ṣé àtúntẹ̀ kò wúlò ni? Ó wúlò o. Ìwé ọdún kan náà ni, bébà kan náà, àwọ̀ kan náà, kódà ojú Darth Vader tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé sí iwájú nọ́ńbà 1 wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó kàn fẹ́ mú nọ́ńbà 1 lọ́wọ́, kó sì kà á, àtúntẹ̀ lèmi yóò ní kó rà. Kí òǹtajà ṣáà ti pè é ní orúkọ tó ń jẹ́.

Èyí tó wà nínú ike àti èyí tí ẹ lè ṣí

Àwọn tó ń ra kọ́míìkì láti fi pamọ́ máa ń fẹ́ èyí tí CGC ti yẹ̀ wò. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni, láti ọdún 2000 ló ti wà. Wọ́n á fún ìwé ní máàkì tó ga jù ní 10, wọ́n á wá tì í mọ́ inú ike líle. Kì í ṣe máàkì nìkan ni kí ẹ wò, ẹ wo àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì tó wà lókè rẹ̀. Búlúù ni èyí tí kò ní àbùkù tó fara sin. Pọ́pù túmọ̀ sí pé wọ́n ti tún ìwé náà ṣe, bóyá wọ́n kùn ún níbi tó ti bó. Àwọ̀ ewé ń sọ pé ohun kan ṣe é lọ́tọ̀, bíi kí wọ́n ti gé kúpọ́ọ̀nù kúrò nínú ojú ìwé kan. Ìwé aláwọ̀ ewé lè ní máàkì 9 kí owó rẹ̀ má tó ti búlúù tó ní 7.

Bó bá ṣe sẹ́ǹtì 35 lẹ fẹ́ rà, ẹ má rà á lọ́wọ́ àjèjì láìsí inú ike. Àfojúrí fọ́tò kò tó fún owó tó pọ̀ báyẹn. Fún gbogbo nọ́ńbà yòókù, mi ò rí ìdí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn yìí ra ohun tí kò lè ṣí láéláé. Àyàfi tó bá jẹ́ òwò lẹ fi ń ṣe.

Tó bá jẹ́ èyí tí kò sí nínú ike, ẹ béèrè fọ́tò ibi tí ìwé ti ṣẹ́po lọ́wọ́ òǹtajà. Irin méjì ló dì í mú. Àwọn ìlà funfun kéékèèké tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà fi hàn pé wọ́n ti ṣí i kà dáadáa, ìyẹn kò burú. Bí irin bá ti dípẹtà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ràn mọ́ bébà, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kò sì ní dúró níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ojú ìwé méjì àárín ṣì so mọ́ irin, torí ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń já. Bébà ìwé ìròyìn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Èkó tàbí Kútọnu, kó yáa ra àpò ike Mylar àti páálí tí kò ní ásíìdì mọ́ ọn, kó má sì kó wọn sí ìsàlẹ̀ ilé, torí ooru àti ọ̀rinrin wa yóò mú kó bu kí ọdún díẹ̀ tó kọjá.

Ìwé ńlá tàbí ìwé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ London?

Marvel Special Edition ni ìwé ńlá náà ń jẹ́. Àkọ́kọ́ kó nọ́ńbà 1 sí 3 jọ, ìkejì kó 4 sí 6, méjèèjì ní 1977. Ìkẹta kó gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀ ní 1978. Ìwé yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Chaykin nìkan ló ya nọ́ńbà 1 tó sì fi yíǹkì sí i, ọwọ́ rẹ̀ yára, ó rí ṣákaṣàka. Láti nọ́ńbà 2 ni Steve Leialoha ti ń fi yíǹkì sí i, ìlà rẹ̀ sì wá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ìwé kékeré, ojú yín lè fo ìyàtọ̀ yẹn. Nínú ìwé ńlá, ẹ ó rí i lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó burú níbẹ̀ kò ju pé igun rẹ̀ máa ń ká tí kò bá sí àpótí tó gbà á.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Star Wars Weekly, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1978. Dúdú àti funfun ni, wọ́n sì ń gé ìtàn Amẹ́ríkà sí wẹ́wẹ́ láti fi kún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará wa tó wà ní London lè rí i ní ọjà àlòkù ọjọ́ Sunday ní owó tí kò gani lára. Kíkà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè sú èèyàn, àmọ́ nígbà tó yá tó di ìwé oṣooṣù lábẹ́ orúkọ Empire Strikes Back, Alan Moore kọ àwọn ìtàn kúkúrú tí kò sí nínú gbogbo ìwé 107 ti Amẹ́ríkà. Àwọn nìkan ni mo lè ní kẹ́ ẹ torí wọn ra ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn nọ́ńbà tó kọjá 1

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń rà mọ̀ jù nìyí: owó tí ẹ fẹ́ fi ra nọ́ńbà 1 kan tó mọ́ gan-an lè ra ogójì ìwé míì tó ṣeé kà, ibẹ̀ sì ni adùn wà. Lóòótọ́, nọ́ńbà 1 ní ìran Luke àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Biggs ní Tatooine tí wọ́n gé kúrò nínú sinimá, nọ́ńbà 2 sì ní Jabba, ọ̀gá àwọn ọ̀daràn, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n láti nọ́ńbà 7 ni ìwé náà ti di tara rẹ̀. Nọ́ńbà 8 ni Jaxxon, ehoro aláwọ̀ ewé, ti kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn náà Archie Goodwin gba kíkọ, Carmine Infantino gba yíyà láti nọ́ńbà 11. Àwọn kan kì í fẹ́ ti Infantino nítorí pé ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ kò jọ ti sinimá. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí ọkọ̀, àmọ́ ìtàn Valance, ọdẹ ènìyàn tí ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ irin, tó bẹ̀rẹ̀ ní nọ́ńbà 16, ó tó kí èèyàn ra gbogbo ọdún náà.

Fún ẹni tí àwòrán ṣe pàtàkì sí, nọ́ńbà 39 sí 44 ni kó wá. Ìtàn The Empire Strikes Back ni, Al Williamson àti Carlos Garzón ló yà á, kò sì sí ibi tí Star Wars ti lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ lórí bébà. Wọ́n ṣì rọ̀ lọ́rùn láti rà, àfi 42, tó jẹ́ pé Boba Fett, ọdẹ ènìyàn míì, ti gbówó lé e. Fett yìí kan náà ló mú kí nọ́ńbà 68 àti 81 wọ́n láti ìgbà tí ètò tẹlifíṣọ̀n The Mandalorian ti jáde ní 2019. Nọ́ńbà 107 wọ́n nítorí pé díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lópin.

Àkójọ òde òní

Dark Horse, ilé iṣẹ́ kọ́míìkì mìíràn tí ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ni wọ́n kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ní ìdìpọ̀ méje, ní 2002 àti 2003. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, torí náà àlòkù lẹ ó rí, àwọn ìdìpọ̀ ìparí sì máa ń wọ́n. Nígbà tí ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ Marvel ní 2015, wọ́n ṣe Omnibus elépo líle mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 1 dé 44, ó sì wúwo débi pé orí tábìlì lẹ ó ti kà á. Epic Collection, tó ní èèpo rírọ̀, fúyẹ́ jùyẹn lọ. Ìdìpọ̀ kìíní rẹ̀ gba nọ́ńbà 1 sí 23. Fún ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn láìná owó púpọ̀, Epic ni mo fọwọ́ sí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dà elépo líle inú 2015 tó gba nọ́ńbà 1 sí 6 nìkan, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kùn lákọ̀tun. Wọ́n fi òjìji dídán bo ìlà Chaykin, kò sì bá a mu. Bó bá ṣe orí fóònù lẹ fẹ́ kà á, Marvel Unlimited ní ti àtijọ́ yìí fún ẹni tó bá ń sanwó oṣooṣù, ẹ sì lè fi ka bíi mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra bébà.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí pẹ̀lú owó tí kò pọ̀, ìdìpọ̀ Epic kìíní ni màá rà fún kíkà, màá wá ojúlówó nọ́ńbà 39 sí 44 tí wọ́n ti kà àmọ́ tí irin wọn kò dípẹtà, màá sì fi èyí tó bá ṣẹ́ kù ra ìwé ńlá ọdún 1977 kan.