Awò ìbọn tó di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọta 40

Ọta 40 péré ni mo yìn. Ó dá mi lójú, torí agolo tuntun ni mo ṣí, mo sì ka èyí tó kù. Nígbà tí mo tú awò náà, èyí tí à ń fi wo ohun tí à ń yìn kó lè dà bíi pé ó sún mọ́ni, kúrò lórí ìbọn, tí mo gbé e sétí, tí mo mì ín, ṣaka-ṣaka ló ń ró bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Awò 65,000 náírà! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi lọ sóko ní Mọ́níyà ní, "Bọ̀dá, ṣé ká máa jó ni?" Mi ò dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ìbọn tó jẹ́. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, ará Jámánì, èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ lọ́rùn kí sípíríǹgì inú rẹ̀ tó kákò. Ọta 5.5 mm ló ń jẹ. Mi ò fi yin ẹyẹ o, bébà ni mo ń yìn, níwájú òkìtì yẹ̀pẹ̀ tó ga jù mí lọ. Mo sì ní ìwé. Òfin ìbọn ọdún 1959 tí à ń lò ní Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá fún. Ẹni tó bá ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, ẹjọ́ ló ń bá yín wá. Ohun tó wù mí gan-an ni rimfire .22, ìbọn ẹlẹ́tù kékeré, irú èyí tí àbúrò mi ń yìn nínú ẹgbẹ́ wọn ní Manchester, ṣùgbọ́n agbára mi ò gbé e. Yàtọ̀ sí owó ìbọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń lo ìkarahun ọta rẹ̀: inú etí ìdí ìkarahun yẹn ni ohun tó ń tanná wà, tí ìbọn bá ti gbá a, ó parí nìyẹn, kò ṣe é dì padà. Ọta tèmi, òjé lásán.

Ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò Dùgbẹ̀ ni mo ti ra awò náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ṣàlàyé fún ọkùnrin tó ń tajà pé ìbọn sípíríǹgì ni mo ní, mítà 25 ni mo sì ń yìn. Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "Dádì, irú awò yìí ni wọ́n fi ń yin ẹfọ̀n ní South Africa. Èyí tó gba ìbọn ẹfọ̀n, ṣé ti ìbọn ẹyẹ ni kò ní gbà?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí mi. Mo sanwó. Ó ta òrùka méjì tí wọ́n fi ń so awò mórí ìbọn fún mi lọ́tọ̀, 12,000. Mo délé, òrùka ò wọlé: ti ìbọn tí ojú irin orí rẹ̀ fẹ̀ ló fún mi, bẹ́ẹ̀ tóóró mílímítà 11 ni tàwọn ìbọn afẹ́fẹ́ àti ọ̀pọ̀ rimfire. Mo padà lọ pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yẹ kí n ti fura láti ibẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọta márùn-ún àkọ́kọ́ bọ́ sójú kan náà, ìdérí ìgò mínírà bò wọ́n. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò. Nígbà tó máa fi di ọta 20, wọ́n ti ń lọ sósì. Mo yí ibi tí wọ́n fi ń tọ́ awò náà sọ́nà, wọ́n lọ sókè. Mo tún yí i, wọ́n ṣáà ń lọ síbi tó wù wọ́n. Awò náà fúnra rẹ̀ ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi: mo ti fi pẹ́ńsù fàlà síwájú òrùka, ó sì ti fi mílímítà mẹ́rin sún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣaka-ṣaka.

Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti Ojóò dé Mọ́kọ́lá, ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ ni mo ń tò jọ nínú mọ́tò. Mo gbé awò náà kalẹ̀ níwájú ọkùnrin ẹfọ̀n, mo mì ín. Ó ní, "Dádì, ó ti já bọ́ lọ́wọ́ yín." Mo ní kò já bọ́. Ó ní, "Àbí ẹ fi nǹkan kàn án?" Mo ní mi ò fi nǹkan kan kàn án. Ó wá nàka sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Mo pariwo. Mi ò ní parọ́, mo pariwo débi pé ẹni tó ń ta káàdì níta yọjú wò wá.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn tó ń nu gíláàsì, ọmọbìnrin, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìbọn yín, ṣé èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa páálí irú awò yẹn yọ, ó ṣí ìwé pélébé inú rẹ̀, ó fìka sí ìlà kan: kí wọ́n má gbé e sórí ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì. Ọkùnrin yẹn pòṣé. Ọmọ náà ò wò ó. Ó ní ìbọn ẹlẹ́tù, bó ti wù kó tóbi tó, ẹ̀yìn ló ń ta sí, ẹ̀yìn náà sì ni wọ́n ṣe irú awò bẹ́ẹ̀ láti gbà. Tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ta. Bí písítìnnì bá ti gbéra lọ síwájú, ìbọn á sún sẹ́yìn. Bó bá wá pàdé afẹ́fẹ́ tó há síwájú rẹ̀, ìbọn á já síwájú lójijì. Jíjá síwájú yẹn ló ń tú gíláàsì inú awò, òun náà ló ń jẹ́ kí òrùka rìn sẹ́yìn. Ìbọn ẹyẹ le fún awò ju ìbọn ẹfọ̀n lọ! Èmi tí mo ti ń yìnbọn láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀.

Ó pe Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àlàájà bi í: "Ta ló tà á fún wọn?" Ibẹ̀ dákẹ́. Wọ́n ní kí n fi 40,000 lé e kí n gba òmíràn, wọ́n sì yọ owó òrùka kúrò nínú rẹ̀. Mo dúró fún wákàtí méjì kí wọ́n tó gbé e dé láti ilé ìkẹ́rù. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n fún mi gbóná bí omi ìwẹ̀.

Àmọ́ bí ọmọ náà ṣe so awò yẹn, mo lè sanwó wò ó. Mo ti gbé ìbọn wá nínú àpò rẹ̀, òfìfo, pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó fi sípírítì nu ọ̀rá kúrò lójú irin. Dípò òrùka méjì, ó lo ìdè odindi kan tó ní irin ṣóńṣó kékeré nísàlẹ̀, tó wọ inú ihò lórí ìbọn kó má bàa rìn mọ́. Ó ń fún àwọn ṣúkúrù ní òkè ọ̀tún, ìsàlẹ̀ òsì, díẹ̀díẹ̀, bí fọkanáísà ṣe ń de nọ́ọ̀tì táyà. Ó fojú wo ẹnu ìbọn, ó ní ó doríkodò díẹ̀, ló bá gé irin tẹ́ẹ́rẹ́ lára agolo Maltina, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ awò lápá ẹ̀yìn.

Awò kejì yìí ní òrùka tó ń yí níwájú, tí wọ́n fi ń mú un bá jíjìn ibi tí à ń yìn mu, láti yáàdì 10 lọ sókè. Ẹ na àtàǹpàkò yín, ẹ di ojú kan, ẹ mi orí: àtàǹpàkò á máa rìn lára ògiri. Bí àmì àgbélébùú inú awò ṣe ń rìn lójú bébà nìyẹn tí awò ò bá bá jíjìn ibi tí à ń yìn mu. Yáàdì 100 ni wọ́n de ti àkọ́kọ́ mọ́, ti rimfire sábà máa ń jẹ́ 50. Èmi, mítà 25. Mo yí tèmi kọjá 25 díẹ̀, torí yáàdì ló kọ sára, ó sì dúró.

Àléébù rẹ̀ pọ̀ o. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí mo fà á dé ibi tó ti ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 9, òkùnkùn ni. Ibi tí à ń yí kò ní ìró tó ṣe gúnmọ́, tí mo bá sì yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ó yẹ kí ọta sún tó nǹkan bíi mílímítà 18 ní mítà 25, àmọ́ ìgbà mìíràn á ṣe 12. Ìdérí rẹ̀ kan ti sọnù sínú koríko. Ṣùgbọ́n ọta 300 ti jáde, ìlà pẹ́ńsù mi ṣì wà níbi tó wà. Ìmọ̀ràn kan: ẹ má fún ìbọn sípíríǹgì mọ́ra bí ẹni mú olè. Ẹ jẹ́ kó sùn lórí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ìyẹn nìkan ti dín bí ọta mi ṣe ń fọ́n ká kù ju awò méjèèjì lọ.

Mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní 4 nínú 5. Ìyàwó mi ka gbogbo èyí tán, ó ní ṣé ara mi yá. Ara mi yá. Ọmọbìnrin yẹn ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n má bù fún ọkùnrin ẹfọ̀n níbẹ̀.