POP, sìmẹ́ńtì funfun àbí screeding inú rọ́bà: èwo ni kí ẹ rà fún ògiri ilé yín l'Ékòó?

Ẹni tó ń tún ilé ṣe l'Ékòó, tó bá dé ọjà Odunade ní Orílé tàbí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà àdúgbò rẹ̀, tó ní òun fẹ́ kí ògiri òun dán kóun tó kun ọ̀dà sí i, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa fi hàn án: àpò POP (plaster of Paris), àpò sìmẹ́ńtì funfun, àti screeding, ìyẹn ohun ìrẹ́ ògiri tí wọ́n ti pò tán sínú rọ́bà lítà 20. Iye owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń bèèrè. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rí POP tó dára tó ṣí kúrò lára ògiri láàárín oṣù méjì, mo sì ti rí screeding tí kò wọ́n tó wà lára ògiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbó. Omi lẹ máa rí nídìí ọ̀rọ̀ náà nígbà méjèèjì: omi tó wà nínú ògiri, àti omi tí wọ́n fi pò ó.

Ẹ yẹ ògiri wò ná

Ilẹ̀ Èkó kò jìnnà sí omi. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Èbúté Mẹ́ta, títí dé Ìwáyà, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé ọ̀rinrin ń gba ìpìlẹ̀ gòkè wá. Ẹsẹ̀ ògiri lẹ ti máa rí i: ọ̀dà á wú bí ara tí omi gbígbóná dà sí, nǹkan funfun bí iyọ̀ á sì máa hù jáde. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú tó kọ sí ògiri, inú ògiri lomi ti ń wá. Bó bá jẹ́ ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ inú yàrá ni.

POP ò bá omi rẹ́. Òkúta gypsum ni wọ́n yan nínú ooru tó tó dígírì 150 títí ọ̀pọ̀ omi inú rẹ̀ fi lọ, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́ kúnná lẹ́búlẹ́bú. Orúkọ ìlú Paris ló ń jẹ́, torí òkúta yìí pọ̀ lábẹ́ òkè Montmartre níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dá omi padà sí i, òkúta ló tún ń dì, àmọ́ òkúta tí omi lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Pálọ̀, yàrá, òkè àjà, ibẹ̀ ló ti wúlò jù, kò sì sí èyí tó dán tó o nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ìwẹ̀, ìta, ẹsẹ̀ ògiri tó ń mumi, ẹ má gbé e débẹ̀.

Ìdílé kan náà ni sìmẹ́ńtì funfun àti sìmẹ́ńtì tí a fi ń mọ ilé. Irin inú tiẹ̀ kò tó nǹkan ló jẹ́ kó funfun. Tó bá ti le, omi kì í ṣe é ní nǹkan kan. Òun ni màá gbé sí ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná àti ògiri ìta. Ó ṣòro láti fi sáńpépà há ju POP lọ, torí náà ọwọ́ oníṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mú un dán kó tó le.

Ti inú rọ́bà, ìyẹ̀fun calcium, gọ́ọ̀mù bọ́ǹdì àti omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń dì níbẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ògiri inú ilé tó ti gbẹ dáadáa ló wà fún, àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára rọ́bà pé ti ìta ni.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dá omi ìpìlẹ̀ dúró. Bí gọ́tà bá ń da omi sídìí ògiri, gọ́tà lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń pò wọ́n

Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò jù. Nígbà tá a tún ilé màmá mi ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, POP la rà fún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oníṣẹ́ tá a pè kò fọ rọ́bà àná. Ó da ìyẹ̀fun sí i, ó da omi lé e lórí, ó fi igi rò ó, ló bá lọ dáhùn ìpè lórí fóònù. Nígbà tó dé, ó ti gan. Ó tún bu omi sí i, ó tún ń rò ó. Ìjókòó ẹnu ọ̀nà ni màmá mi wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀kọ tó ti dì, ṣé o tún máa ń da omi sí i kó padà di ògì ni?" Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ wa ni." Kò pé oṣù méjì tí ẹni tó bá fara kan ògiri yẹn fi ń gba ẹfun sáṣọ.

Òótọ́ ni màmá mi sọ. Bí POP bá ń dì, nǹkan tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ló ń hù nínú rẹ̀, tí wọ́n ń di ara wọn mú. Ẹni tó bá rò ó lẹ́yìn tó ti ń dì ti já wọn, wọn kì í so pọ̀ mọ́. Èérún àná tó kù nínú rọ́bà náà ló jẹ́ kí tuntun tètè gan.

Ẹni tó mọ ọkà rò mọ̀ pé omi ló ń ṣáájú èlùbọ́. Bákan náà ni POP: omi tútù tó ṣe é mu ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dà sínú rọ́bà tó mọ́, torí omi tó ní iyọ̀ tàbí tí oòrùn ti yá nínú táǹkì máa ń mú un tètè dì, omi kànga tó pọ́n sì máa ń kó àwọ̀ bá a. Ẹ wá máa fi ọwọ́ wọ́n ìyẹ̀fun sí i káàkiri títí táá fi yọ orí sókè omi bí erékùṣù kéékèèké. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan sí méjì kó mumi, kẹ́ ẹ tó rò ó. Kìlógíráàmù 10 máa ń gba omi bíi lítà 6 sí 7, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ sára àpò ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ dírílì rò ó, kó máa yí jẹ́jẹ́. Eré sísá ló ń kó afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀, ìyẹn ló ń di ihò wẹ́wẹ́ lójú ògiri. Èyí tó dára máa ki bí ẹ̀kọ mímu tí kò ní kókó kankan, tẹ́ ẹ bá sì bu ú sórí tíráwẹ̀lì, á jókòó, kò ní ṣàn.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ìdí rọ́bà bí iṣẹ́ bá ń lọ. Ìgbà tó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ó ń dì. Èyí tó bá kù nígbà yẹn, ẹ dà á nù. Torí náà, ìwọ̀n tí ẹni kan lè fi rẹ́ ògiri tán láàárín ìṣẹ́jú 15 ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó pò lẹ́ẹ̀kan.

Sìmẹ́ńtì funfun kì í tètè dì tó bẹ́ẹ̀. Omi àti bọ́ǹdì ló ń ṣáájú níbẹ̀ náà, ẹ sì ní bíi wákàtí kan láti lò ó. Ohun tí púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ń gbàgbé ni pé ògiri gbígbẹ máa fa omi inú rẹ̀ mu kó tó le: ẹ rin ògiri kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Kí oníṣẹ́ wọ ìbọ̀wọ́, ó ń jẹ ọwọ́.

Inú rọ́bà ló rọrùn jù, ẹ sáà rò ó láti ìsàlẹ̀. Bó bá ki jù, omi ife kékeré kan tó. Ẹ máa fi í rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí àkọ́kọ́ gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀, pàápàá lóṣù Okúdù tójò kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Èyí tí wọ́n bá rẹ́ nípọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa sán.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má gbà fún oníṣẹ́ kankan: kó máa da POP àti sìmẹ́ńtì pọ̀ nínú rọ́bà kan kó lè tètè le. Ohun inú gypsum máa ń bá ti inú sìmẹ́ńtì jà bí ọ̀rinrin bá kàn wọ́n, ó ń wú, ó sì ń la ògiri. Nínú yàrá tó gbẹ, ó lè pẹ́ kó tó fara hàn.

Ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ fọwọ́ tẹ igun àpò POP àti ti sìmẹ́ńtì. Bó bá le bí òkúta, afẹ́fẹ́ Èkó ti wọ̀ ọ́, ẹ dá a padà. Mo máa ń wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà: ẹni tó bá to àpò sórí pákó lẹ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fún ti inú rọ́bà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi díẹ̀ pa ara búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì láti fi àtàǹpàkò rà á. Bí ẹfun bá bá yín lọ́wọ́, calcium ti pọ̀ ju bọ́ǹdì lọ nínú rẹ̀.

Iye tẹ́ ẹ máa nílò

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́nà 12 ní ògiri bíi mítà onígun mẹ́rin 35, tẹ́ ẹ bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé. POP gba bíi kìlógíráàmù 1 fún mítà onígun mẹ́rin kan bó bá nípọn ní mìlímítà 1. Mìlímítà 2 á jẹ́ kìlógíráàmù 70. Ẹ fi díẹ̀ lé e fún èyí tó máa dì sínú rọ́bà. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ ìsinmi nìkan ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ máa jèrè ti inú rọ́bà jù, torí èyí tó kù kì í ṣòfò bẹ́ ẹ bá fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìdérí.

Bó bá jẹ́ ògiri tuntun ni, tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn rẹ́, ẹ fún un lọ́jọ́ 28 kó gbẹ. Sìmẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà agbára rẹ̀ tó wà lára àpò) ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n fi máa rẹ́ ògiri, 42.5 ni ti òpó àti dẹ́kìn.

Ní ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ màmá mi, a há gbogbo POP yẹn kúrò, a yí ojú gọ́tà padà, a dúró kí ògiri gbẹ fún bí oṣù kan ààbọ̀, ká tó fi sìmẹ́ńtì funfun rẹ́ ẹ. Òjò ti rọ̀ léraléra lẹ́yìn ìgbà náà. Bí màmá mi bá ń kọjá níbẹ̀, wọ́n ṣì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri náà, wọ́n á sì yí ọwọ́ wò bóyá ó funfun.